Ọdún Tí Mo Mú Ọmọ Mi Kúrò Nílé Ìwé

Ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jókòó nílé ìwé, láti CI tó jẹ́ kíláàsì àkọ́kọ́ dé CE2. Síbẹ̀, mo ti pàṣẹ fún àwọn tó ní báàkì, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ní èbúté Kutọnu. Kò sí ọkọ̀ tó kó ìrẹsì dé tí n kò ní fi ojú wò lẹ́ẹ̀kan kí n sọ iye àpò tó kù nínú rẹ̀. Akọ̀wé tó mú kálámù dání á kà á títí, yóò padà wá bá mi. Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, ìwé orin ìjọ ló kọ́ mi. Èmi kì í ṣe òpè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń rẹ̀ mí láti ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀.

Mo fi àkọ́bí mi obìnrin sí mátẹ́nẹ̀lì, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, nígbà tí àwọn ọmọ àgbàlá wa yòókù ṣì ń fi yanrìn ṣeré. Ó lo ọdún méjì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni CI, CP, títí dé CM2, ọdún mẹ́fà gbáko. Nígbà òjò, omi máa ń gba gbogbo ẹnu ọ̀nà wa ní Cadjèhoun, èjìká mi ni mo sì fi ń gbé e kọjá kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ó gba CEP, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ra ọtí fún gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní kí wọ́n má pè mí ní ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n máa pè mí ní bàbá dókítà.

Ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé ìwé girama. Wọ́n ní kíláàsì rẹ̀ ń jẹ́ sìsíẹ̀mù, ìyẹn ìkẹfà. Ó dùn mọ́ mi. Ọdún yí po, wọ́n gba ìsinmi, wọ́n tún wọlé. Mo bi í pé kíláàsì wo ló wà báyìí.

"Sẹ́ńkíẹ̀mù ni, Bàbá. Ìkarùn-ún."

"Ìkẹfà lo wà léṣìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo yege ni."

"O yege, o wá bọ́ sí ìkarùn-ún?"

"Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn, Bàbá."

Ní èbúté, ẹrù tó jẹ́ mẹ́fà lánàá tó di márùn-ún lónìí, olè ti wọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń jí àpò. Ìyá rẹ̀ ní kí n bi ẹni tó mọ̀. Mo ní ta ló tún mọ̀ jù mí lọ nínú ilé yìí. Ó ń bu omi sínú ìkòkò lọ. Lọ́jọ́ Ajé, mo fa ọmọ lé obìnrin aránṣọ kan lọ́wọ́ pé kó máa kọ́ṣẹ́. Bí ìwé bá ń rán ènìyàn padà sẹ́yìn, kí ni ọmọ mi ń fi í ṣe? Ọmọ náà kò sunkún. Ó ká aṣọ kakí ilé ìwé rẹ̀, ó fi sínú àpótí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Olùkọ́ kan wà nínú àgbàlá wa, ọmọ Pobẹ̀ bíi tèmi, mẹ́tìrì ni gbogbo wa ń pè é. Ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, n ò rí ọmọ wa nínú kakí mọ́. Ṣé ẹ ti gbé e lọ sílé ìwé mìíràn ni?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kó tó rí ojú mi. Ó mú èédú kan nínú ààrò ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilà sára ògiri.

"Ẹ wò ó. Mátẹ́nẹ̀lì, ọdún méjì. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà, CEP ló parí rẹ̀. Ibí ni wọ́n ti yí i padà: ìkẹfà, ìkarùn-ún, ìkẹrin, ìkẹta, ọmọ gba BEPC. Ìkejì, ìkíní, tẹ́mínáàlì, ọmọ gba báàkì. Ó ku yunifásítì: líséǹsì ọdún mẹ́ta, másítà ọdún méjì, ẹni tí orí rẹ̀ bá gbé e á wá ṣe dókítọ́rà. Wọ́n ń kà á wálẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n, bí ẹni tó ń ka iye ilé tó kù kó tó dé tirẹ̀."

"Wọ́n kà á gòkè ní kékeré, wọ́n wá ń kà á wálẹ̀ nígbà tó dàgbà. Ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn Faransé ni."

"Wọ́n ti lọ."

"Wọ́n lọ. Wọn ò kó nọ́ńbà wọn dání."

Mo wo ògiri náà. Ilà yẹn gùn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ọmọ mi ò sì tíì dé ìdajì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọkùnrin tó ń mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ti fẹ́ fa ilà sí orúkọ rẹ̀, ọmọ pọ̀ tó ń dúró de àga yẹn. Bí n bá fẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ ẹjọ́ mi, kí n kọ dúmáàǹdì, ìwé ẹ̀bẹ̀, kí n sọ ìdí tí ọmọ ò fi wá. Kí ó tẹ òun lọ́wọ́ lọ́la, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí. Nílùú wa yìí, bí o bá fẹ́ mí èémí, ó kù díẹ̀ kí wọ́n ní kí o kọ dúmáàǹdì.

Faransé ni wọ́n ń fi kọ ọ́. Mo ń sọ Faransé, mo lè fi bú ènìyàn títí yóò fi bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n èmi àti òun kò tíì pàdé lórí ìwé. Mi ò sì lè lọ bá mẹ́tìrì lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ọmọ náà ti ọ̀dọ̀ aránṣọ dé, tí òwú funfun ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀, mo gbé ìwé síwájú rẹ̀.

"Kọ ọ́ lórúkọ mi."

"Kí ni kí n sọ, Bàbá?"

"Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ó kọ ọ́, kò pẹ́, kò sì pa nǹkan kan rẹ́. Mo fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí mi dára, àwọn ará dúwáànì, aṣọ́bodè èbúté, gan-an máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. N kò bi í léèrè ohun tó kọ. N kò fẹ́ gbọ́ àṣìṣe mi lẹ́nu ọmọ mi.

Láàárọ̀, ó wọ kakí rẹ̀, a jọ lọ. Ọkùnrin náà ka ìwé náà, ó gbé ojú sókè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ibùsùn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọmọ yìí ló ń tọ́jú yín?"

Mo wo ọmọ mi. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Èmi tí mo ń gbé àpò ìrẹsì bí ẹni gbé ìrọ̀rí, tí ibà ò dá dùbúlẹ̀ rí.

"Òun ni," mo ní.

"Ara ti wá yá báyìí?"

"Ó ń yá díẹ̀díẹ̀."

Ó ní òun yóò bá ọ̀gá sọ ọ́, kò sọ́rọ̀ mọ́. Ó ní kí ọmọ sáré lọ sí kíláàsì kí agogo tó lù, ó sì fa bẹ́ǹṣì kan sún mọ́ mi, ó ní kí n jókòó díẹ̀ kí n tó rìn. Mo jókòó. Mo di orúnkún mú bí ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.