Lẹ́tà Tí Mo Kà fún Bàbá Ọmọ Kuta

Òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni mo fi ń rántí ilé-ìwé náà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń gé e, kí àwọn òbí tó bá wá lọ́jọ́ Sátidé lè rí i pé ibi tó mọ́ ni wọ́n fi ọmọ wọn sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni nígbà náà ni, ọjọ́ orí mi kò tíì ju mẹ́tàlélógún lọ, wọ́n sì gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí n sì máa bójú tó ilé tí àwọn ọmọbìnrin ń sùn. Ilé-ìwé onígbàgbọ́ ni, ẹ̀yìn ìlú Ìwó ló wà, inú ọgbà sì ni gbogbo ọmọ ń gbé. Àwọn kan wá láti Èkó àti Àbújá, àwọn díẹ̀ láti Gánà àti Tógò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ilé-ìwé àgbáyé.

Èmi ni wọ́n máa ń yàn láti mú àwọn òbí tuntun yí ọgbà ká, nítorí wọ́n ní ẹnu mi dùn. Màá wọ bàtà gogoro, màá máa fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé òkè òkun ni wọ́n bí mi sí, èmi tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn ilé ìjọ Onítẹ̀bọmi nínú Ìwó níbí. Màá fi yàrá kọ̀ǹpútà hàn wọ́n, màá fi dùùrù hàn wọ́n, màá mú wọn lọ sí ọgbà ẹ̀fọ́ níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ní ebè tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá dúró síwájú ilé ìsìn, màá wá ka ohun tí ilé-ìwé gbà gbọ́ fún wọn láìwo ìwé: pé orí, ọkàn àti ọwọ́ la ń kọ́ papọ̀, pé kò sí ọmọ tí Ọlọ́run dá tí kò ní ẹ̀bùn, pé ọmọ tó bá ti wọlé síbí ti di ọmọ gbogbo wa. N kò purọ́. Mo gbà á gbọ́ débi pé omi máa ń yọ lójú mi nígbà mìíràn. Àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́, àmọ́ n kò tíì mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ọmọ tí mò ń sọ yìí wá láti Kuta. Ìjọ wọn ló rán an wá, òun sì ni ọmọ àkọ́kọ́ tí ìjọ náà rán sí irú ibẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin ọdún méjìlá ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé orin, gbogbo ilé ìsìn á pa rọ́rọ́. Kí sáà kan tó pé, ó ti ń ka ìwé tí àwọn tó fi kíláàsì méjì jù ú lọ ń kà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa ń nàka sí i fún àwọn òbí pé, "Ẹ wo ọmọ yẹn, oko ló ti wá o." Ojú ń tì mí nísinsìnyí tí mo bá rántí ìka náà.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò àwọn òbí ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ilé ìsìn kún, àwọn akọrin wà níwájú, ọmọ Kuta ló ń dá orin. Ó dédé dákẹ́ láàárín orin. Ojú rẹ̀ yí, ó ṣubú lulẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Wárápá ni. Ìyá kan fa ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn, ó pariwo pé, "Ẹ kúrò níbẹ̀ o! Itọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn yín!" Bí gbogbo èrò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá nìyẹn, tí àga ń ṣubú lu àga. Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ìyá àgbàlagbà kan tó sanra, nìkan ló sáré lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì fi ṣe ìrọ̀rí fún un. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Tíṣà, wá bá mi gbé àwọn àga yìí kúrò lára rẹ̀."

Èmi tí mo ti fi ẹnu ara mi sọ pé ọmọ gbogbo wa ni, mo fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri. Nọ́ọ̀sì náà kò tún pè mí. Ó fi ẹsẹ̀ ti àwọn àga náà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó sì ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Nígbà tí ọmọ náà lajú, èmi ló kọ́kọ́ rí lọ́hùn-ún lẹ́bàá ògiri.

"Àǹtí," ló wí, "ṣé mo parí orin náà?"

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí sí ọ́fíìsì. Obìnrin tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni wọ́n, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Ojú wọn pọ́n bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn. Wọ́n ní àwọn òbí kan ti ń pè, pé bí ọmọ náà bá ṣì ń sùn sí ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ àwọn, àwọn á wá kó ọmọ àwọn lọ. Nọ́ọ̀sì ti bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ kí n tó dé. Ó ti sọ fún wọn pé àìsàn náà kì í ràn, pé oògùn rẹ̀ wà ní ọsibítù, pé òun fúnra òun lòun á máa fún un lò.

"Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn," ni ọ̀gá wa wí, "ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ọ́ fáwọn òbí tí wọ́n á gbọ́?" Wọ́n wò mí. "Ìwọ ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ dáa jù nínú wa. Bá mi kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀. Fi ọ̀rọ̀ tútù kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Bí mo bá ní n kò gbádùn kíkọ rẹ̀, irọ́ ni. Mo wá àwọn ọ̀rọ̀ tó rọ̀ bí òwú sí i. Mo ní lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúrà, a ti rí i pé ìtọ́jú tó yẹ ọmọ iyebíye yìí ju ohun tí àyíká wa lè pèsè lọ, àti pé tìfẹ́tìfẹ́ la fi ń fà á lé ọwọ́ tó múra sílẹ̀ jù wá lọ. Ọ̀gá wa kà á, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kò dun ni létí."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni bàbá náà, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè, sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí ẹrẹ̀ oko ṣì wà létí ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀gá wa ti lọ sí ìpàdé, ọwọ́ mi ni wọ́n fi lẹ́tà sí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Òun náà ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún mi, èmi tó lè bí lọ́mọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà fún un. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó sì dá a padà fún mi.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Èmi ò mọ̀wé. Ẹ bá mi kà á, kí n gbọ́ ohun tí wọ́n wí."

Mo ṣí lẹ́tà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ lọ́kàn. Bí mo ṣe ń mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bọ̀ wá sí Yorùbá ni òwú ara rẹ̀ ń já bọ́. Ohun tó kù sí mi lẹ́nu nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ tán kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ̀rù ọmọ yín ń bà wá, ẹ máa mú un lọ. Mo wo bàbá náà. Ó di fìlà rẹ̀ mú láyà, ó ń retí.

"Wọ́n ní kó lọ sinmi díẹ̀ nílé, sà," ni mo wí. "Pé kí ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀ dáadáa."

"Títí di ìgbà wo?"

Mo tún wo lẹ́tà náà, bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. "Títí di sáà tó ń bọ̀, sà."

Bàbá náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Tíṣà, ẹ ṣeun o. Ẹ ò ní fi ọmọ tiyín ṣòfò. Ọkàn mi ti fò lọ, mo ti rò pé ṣe ni wọ́n lé e."

Ó ki lẹ́tà náà bọ àpò, ó mú ọmọ rẹ̀, wọ́n lọ. Ọmọ náà juwọ́ sí mi lórí ọ̀kadà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ara tù mí lọ́jọ́ yẹn? Mo rò pé àánú ni mo ṣe. Mo sọ fún ara mi pé ẹlòmíràn á ṣàlàyé fún un, pé bóyá ọkàn ọ̀gá wa á yí, pé Ọlọ́run á wá nǹkan ṣe sí i. Ojo ni mí, mo wá pè é ní àánú. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò rìn tó oṣù méjì.

Lọ́jọ́ tí sáà tuntun wọlé, mọ́tò tò láti ẹnu ọ̀nà dé ojú títì. Mo jókòó sídìí tábìlì lábẹ́ igi, mò ń wo orúkọ àwọn ọmọ nínú ìwé. Ọ̀kadà kan gba àárín mọ́tò kọjá. Ọmọ Kuta jókòó sáàárín, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ funfun báláú, ó sì hàn pé wọ́n ti lọ̀ ọ́ dáadáa. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé àpótí lé orí itan. Ọlọ́kadà já wọn sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Máígàdì wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní orúkọ ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá rí mi.

"Àwọn tíṣà náà nìyẹn!" Inú rẹ̀ dùn, ó ń ké sí mi. "Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn o! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká padà wá ní sáà yìí?"

Ojú gbogbo ènìyàn yí sí mi. Ọ̀gá wa, tí wọ́n dúró tí wọ́n ń kí àwọn òbí, yíjú sí mi pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí n sọ. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mò ń fi bírò tọ ìlà inú ìwé, bí ẹni pé mò ń wá orúkọ kan tó nira láti rí. Nọ́ọ̀sì ló jáde láti ẹ̀yìn, ó di bàbá náà lápá mú.

"Bàbá, ẹ má bínú. Wọn ò gbà á mọ́. Ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn nìyẹn."

Bàbá náà kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. "Ṣùgbọ́n wọ́n kà á fún mi," ló ń wí. "Wọ́n kà á fún mi." Ọmọ rẹ̀ wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbé àpótí rẹ̀ rù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rìn gba ẹ̀gbẹ́ àwọn mọ́tò náà jáde, nọ́ọ̀sì láàárín.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí sáà parí. Kì í ṣe ìgboyà. Mo ní mo fẹ́ lọ kàwé sí i ni. Ó tó ọdún kan kí ẹsẹ̀ mi tó lè gbé mi dé Kuta. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo ti bèèrè ọ̀nà, ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ pé oṣooṣù ló ń lọ síbẹ̀ láti wo bí ọmọ náà ṣe ń lo oògùn. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Lọ. Má ra nǹkan kan dání o."

Mo bá bàbá náà níwájú ilé, ó ń ṣa èbù iṣu. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti ẹni tó kọ lẹ́tà, àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ń ṣa èbù rẹ̀ lọ títí mo fi parí.

"Tíṣà, ẹ dìde," ló wí. "Bí ẹ bá ti sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá sunkún, ǹ bá sì mú ọmọ mi lọ, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́. Mo dìde nínú ìjọ, mo dúpẹ́, gbogbo wọn bá mi ṣe àmín. Ìyẹn ló ń dùn mí."

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi dé láti ilé-ìwé ìlú wọn. Ó ti ga sí i. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan. Ìgbà náà ni mo wá rántí pé ọmọ yìí mọ Gẹ̀ẹ́sì kà ju ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ.

"Ṣé o ka lẹ́tà náà?"

"Ọjọ́ tí a délé ni mo kà á, Àǹtí."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún bàbá rẹ?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ ti sọ fún wọn pé sáà tó ń bọ̀. Mo rò pé ẹ máa bá mi bẹ ọ̀gá ilé-ìwé kó tó dìgbà yẹn ni."

Mo wá ọ̀kadà padà sí Ìwó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọdún ti gorí ọdún. Ilé-ìwé ìjọba ni mo ti ń kọ́ni nísinsìnyí nínú Ìwó. N kì í bú ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀; ọmọ gidi ń jáde níbẹ̀, ọ̀gá wa ìgbà náà sì ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá ní kí n dá ẹ̀bi náà sọ́nà méjì láàárín èmi àti wọn, n kò mọ bí màá ṣe pín in.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ gba ìwé kan fún ọmọ mi ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ilé-Ogbó. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà nídìí tábìlì wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó yípo wá síwájú, ó sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Òun ni. Ó ní ara òun ti le, pé ó ti pẹ́ tí àìsàn náà ti ṣe òun kẹ́yìn, pé bàbá òun ń bẹ. Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó ní, "Tíṣà mi nìyí. Àwọn ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì."

Mo wá inú ohùn rẹ̀ fínnífínní bóyá màá rí ẹ̀gún kankan níbẹ̀. Kò sí. Ó bá mi wá ìwé mi, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo dúró sínú oòrùn, mò ń dúró de kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ìwó. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Tèmi àti tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ti sọ ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀ níbì kan lójú ọ̀nà, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Bó bá bú mi lọ́jọ́ náà ni, bóyá èmi náà ìbá ti rí ibi sọ tèmi kalẹ̀ sí.