Ilé Tó Kọjú Sómi

Mo ń ká aṣọ iṣẹ́ mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé láti ìlú Conyers tí wọ́n ń gbé. Wọn kì í wọ ilé tuntun láìkọ́kọ́ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri, bóyá ó rin. Òkun ló gbé ilé bàbá wọn lọ ní Ìlàjẹ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Ọkọ wọn fẹ́ ra ilé ìsinmi sí etíkun Sípéènì. Wọ́n fi àwòrán méjì hàn mí lórí fóònù: ọ̀kan wà lórí òkè, èkejì kọjú sómi. Wọ́n yára fi ìka fa èkejì kọjá.

"Àǹtí, ti orí òkè ni kẹ́ ẹ mú o."

"Ìyàwó mi, a ti fọwọ́ síwèé ti etí omi láàárọ̀. Ojú tì mí láti sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé ẹ̀rù ń bà mí."