Bí A Ṣe Lọ Ṣèwádìí Àna Létí Òkun

Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni mo ti jókòó sórí àpò ẹ̀gẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Ajué lọ sí Òrè. Bàbá mi ló rán mi níṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò ju kí n fi ojú ara mi wo ọkùnrin kan, kí n sì padà wá sọ ohun tí mo rí. Tọ́pẹ́ ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Ìlàjẹ ni, ó sì ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Èkó. Ó fẹ́ fẹ́ Fúnmi, àbúrò mi. Fúnmi ti gbà, Bàbá kò tíì gbà. Bàbá ní òun kò lè fi ọmọ fún ẹni tí òun kò mọ ilẹ̀ tó ń ro. Ó ní bí èmi àti ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tí òun rán bá padà dé tí a ní kò dára, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Fúnmi bá mi gbé báàgì dé ìdí ọkọ̀, kò sì bẹ̀ mí rárá. Àìbẹ̀ rẹ̀ yẹn wúwo lọ́kàn mi ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ láti ọdún tó kọjá, n kò sì tíì ríṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ tí mo kọ̀wé sí ń dá òṣìṣẹ́ dúró ni, wọn kò gba tuntun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé torí ọwọ́ mi dilẹ̀ ni Bàbá ṣe yàn mí. Ohun tí òun sọ ni pé n kì í tètè gba nǹkan gbọ́.

Màmá Odígbó ti ń dúró dè mí ní gáréèjì Òrè. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni, epo pupa ló ń ṣe, kò sì sí ìwádìí ìgbéyàwó kan nínú ẹbí wa tí kò bá wọn lọ. Agbọ̀n kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ìhà wa, tó ti rò tó sì fi ewé pọ́n ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ ẹja.

Mo ní, "Màmá, Èkó là ń lọ o. Oúnjẹ wà níbẹ̀."

"Oúnjẹ wà níbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ta ni yóò ti wá? Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Omi lásán, a ò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ ọmọ yẹn."

Òfin àwọn àgbà wa nìyẹn. Ẹni tó bá lọ ṣèwádìí kò gbọdọ̀ jẹun lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń wádìí, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó mọ̀ pé òun wá. Mo gbà pé òfin náà dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbọ̀n ọ̀hún mú kí aṣọ mi máa rùn bí ẹja.

Náírà méje ni owó ọkọ̀ dé Èkó. Ìjọba ológun ti pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn máa tò kí wọ́n tó wọkọ̀, sójà kan sì dúró tì wá pẹ̀lú kòbókò. Títò náà dára, n kò lè purọ́. Kòbókò ni n kò rí ìwúlò rẹ̀. Awakọ̀ wa, Alájì kan tó ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́, wo agbọ̀n Màmá.

"Ẹja lẹ fẹ́ lọ tà l'Ékòó ni, Màmá?"

"Ọkọ la fẹ́ lọ wò."

"Háà! Fún ara yín?"

"Bó o bá ti ráyè, ìwọ náà lè dárúkọ ara rẹ."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ títí a fi kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, "Ìyàwó mi" ni Alájì ń pe Màmá. Ọ̀nà náà fẹ̀, ó sì tẹ́jú, àfi lẹ́bàá Ṣàgámù níbi tí òjò ti gbẹ́ ihò sí i. Àwọn sójà dá wa dúró níbẹ̀, wọ́n ń wá mílíìkì àti ọṣẹ tí wọ́n ní àwọn ènìyàn ń kó pamọ́. Wọ́n ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wa, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì dé e padà.

A dé Màrínà kí oòrùn tó mú. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé ènìyàn lọ sí etíkun tí wọ́n ń pè ní Tákwà, nínú èbúté Èkó níbẹ̀. Mo bi obìnrin kan tó ń ta àkàrà léèrè, ó sì fi ọkọ̀ Tọ́pẹ́ hàn mí. Ọkọ̀ náà jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó mọ́, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀. Tọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ga, ó dúdú, ohùn rẹ̀ sì le. A jókòó bí èrò yòókù. Nígbà tí ọkọ̀ kún, ọkùnrin kan tó wọ agbádá sáré dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó ní òun yóò san ìlọ́po méjì.

Tọ́pẹ́ ní, "Ọkọ̀ ti kún, Bàbá. Ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀."

"Ìlọ́po mẹ́ta ńkọ́? Ṣé o kì í jẹun ni?"

"Mo máa ń jẹun, sà. Ẹja náà máa ń jẹun. N kò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin ni wọn yóò jẹ."

Ọkùnrin náà bú u, Tọ́pẹ́ sì tan ẹ̀rọ. Màmá fi ìgúnpá gún mi. Ó rọra sọ pé, "O rí i? Kòkó pọ́n lórí igi, ó kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀lẹ ni." Lóko wa, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a óò ṣe dájọ́ ẹni tó kọ owó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìṣọ́ra, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbéraga. N kò tíì mọ èwo ni.

Ọkọ̀ kì í gúnlẹ̀ tán ní Tákwà. Inú omi tó dé orúnkún ni èrò ń sọ̀ sí, wọn á sì fẹsẹ̀ rìn dé yanrìn. Màmá wo omi náà, ó di etí ọkọ̀ mú gírígírí. Gbogbo èrò ti sọ̀ kalẹ̀ tán, òun kò mira.

Tọ́pẹ́ wọnú omi, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀. "Yèyé, ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín."

Màmá wò mí. Mo mọ ohun tó ń rò. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ẹni, ìdọ̀bálẹ̀ ló ń fi ń kí ni lókèèrè. Kò sí ibi tí a ti gbọ́ ọ rí pé ó pọn ìyá ìyàwó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé. Ó gun ẹ̀yìn rẹ̀.

"Yéè! Ẹ wúwo ju àpò kòkó méjì lọ!"

"Àpò kòkó kì í sọ̀rọ̀. Dákẹ́, kí o máa rìn!"

Àwọn tó wà létíkun pàtẹ́wọ́ nígbà tó sọ̀ ọ́ sórí yanrìn.

N kò tíì rí irú ibẹ̀ rí. Òkun tí mo mọ̀ nípa ìtàn ni èyí tó ń bú bíi kìnnìún. Níbí, odi òkúta ńlá kan tí wọ́n tò sínú omi ló dá ìgbì dúró sóde, èyí tó wọlé kò ju kó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ènìyàn lọ. Ọmọdé tí kò tíì lè rìn dáadáa jókòó sínú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lù ú. Ọkọ̀ òkun tó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajué lọ ń kọjá lọ sí Àpápá. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń fi òkúta lé ọmọdé kúrò létí odò ni. Ibí ni mo ti kọ́kọ́ rí òkúta tó ń jẹ́ kí ọmọdé wọ omi. Ọkùnrin kan tí mo fi bàtà àti aṣọ rẹ̀ tó ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ̀ pé sójà ni dùbúlẹ̀ gbalaja, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ń wa yanrìn bò ó dé ọrùn. Màmá wò ó pẹ́. Ó ní, "Àwọn sójà náà lọ́mọ?"

Mo lọ ra àgbọn lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń gbé ibẹ̀, mo sì bi í léèrè nípa Tọ́pẹ́ bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀. Ó ní kì í mutí. Ó ní ó máa ń jiyàn, pàápàá lórí bọ́ọ̀lù. Ó ní nígbà òjò, bí omi bá ti ru, kì í jáde, bí ebi tilẹ̀ ń pa á. Mo kó gbogbo rẹ̀ wá bá Màmá. Ti ìkẹyìn ló gbá mú: "Ebi yóò pa Fúnmi nìyẹn."

Ìgbà tí a tú púpurú ni ọ̀rọ̀ yí padà. Tọ́pẹ́ ń kọjá lọ, ó dúró, ó ń fa òórùn rẹ̀ símú.

"Púpurú nìyẹn! Yèyé, ibo lẹ ti wá?"

Ebi ti ń pa Màmá láti àárọ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìdènà mọ́. "Odígbó. Èyí, Ajué ni bàbá rẹ̀ wà."

Ọkùnrin náà wo ojú mi. Èmi àti Fúnmi jọra, gbogbo ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣubú lulẹ̀ gbọọrọ, àyà rẹ̀ kan yanrìn.

"Yéè, mo gbé! Mo ti pọn àna mi! Mo tún pè wọ́n ní àpò kòkó!"

"Méjì," ni Màmá wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Dìde, jókòó. Alárinà tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ wá bá wa sọ pé o ní ọkọ̀ mẹ́ta. Èyí tó kù dà?"

Tọ́pẹ́ nu yanrìn kúrò lẹ́nu. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Yèyé, ẹyọ kan yìí náà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ni ín. Ààbọ̀ ni tèmi."

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

"N kò ní. Bí Bàbá bá ní kí n wá kọ́ oko, màá wá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n."

Màmá bu púpurú fún un, ó da ẹja lé e. Mo fẹ́ rán an létí òfin, àmọ́ mo ronú sí i: òfin náà kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó bá jẹ tiwa. Tọ́pẹ́ jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti pẹ́ tó ti dé ilé kẹ́yìn.

Nígbà tí a fẹ́ padà, ìtìjú kò jẹ́ kí Tọ́pẹ́ fọwọ́ kan Màmá mọ́. Èjìká mi ni Màmá dì mú wọnú omi. Kí a tó dé ìdí ọkọ̀, ó ní kí n dúró díẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ìró rẹ̀ ká sókè, omi ń lọ ó ń bọ̀ lára orúnkún rẹ̀.

A sùn sílé ará ilé wa kan ní Èbúté-Mẹ́ta, a sì dé Ajué lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Bàbá wà nídìí àtẹ tí wọ́n ń sá kòkó sí. Fúnmi ń tú kòkó náà kí oòrùn lè kárí i, kò sì gbójú sókè. Màmá ròyìn gbogbo rẹ̀, títí kan àpò kòkó. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ ààbọ̀ ọkọ̀, ó mi orí. Ó wá kọjú sí mi.

"Ìwọ. Ṣé omi náà kò léwu?"

Ọwọ́ Fúnmi dúró nínú kòkó. Ó rọrùn kí n sọ pé kò léwu. Ṣebí omi orúnkún ni mo ṣáà rí?

Mo ní, "Nínú odi òkúta, ọmọ ọwọ́ ń ṣeré níbẹ̀. Lóde odi náà, n kò dé ibẹ̀, n kò sì lè jẹ́rìí sí i. Mo rò pé ó léwu. Ṣùgbọ́n mo rí i tó kọ owó ìlọ́po mẹ́ta nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ ti kún. Wọ́n sì ní bí omi bá ru, kì í jáde. Màmá ní ọ̀lẹ ni nígbà yẹn."

"Mo ti kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ," ni Màmá wí.

Bàbá fi ẹsẹ̀ ti hóró kòkó kan padà sórí àtẹ. "Ẹni tó bẹ̀rù omi tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀," ló wí, "ìyẹn yóò máa padà wálé. Ẹ sọ fún un kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa bọ̀."

Ọjọ́ kan kò tó láti mọ ènìyàn, mo sì mọ̀ pé ìdájọ́ wa lè má tọ̀nà. Ohun tí mo kọ́ ni pé a lè ro ire sí ènìyàn láìfi irọ́ kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ èyí fún Fúnmi, ṣùgbọ́n ó ti ń sáré lọ sílé pẹ̀lú ọwọ́ tí kòkó ṣì lẹ̀ mọ́, ó ń pe ìyá wa.