Ọjọ́ Tí Alága Wa Kí Gbogbo Èkó Lórí Rédíò

Nígbà ìjọba sójà, ilé olójúkojú ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé ní àdúgbò kan lẹ́yìn Ìgándò. Yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì là á láàárín. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ìjọba ìpínlẹ̀, kò sí yàrá tí kì í ṣí i. Èèyàn lè kúrò ní yàrá rẹ̀, kó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí balùwẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kó wẹ̀, kó padà wá, kí gbólóhùn kan má sì fò ó. Bí wọ́n bá mú iná lọ, a ó lo bátìrì. Bátìrì tó bá fẹ́ kú, a ó sá a sóòrùn lórí fèrèsé, a ó sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó mú wa dé ìparí ètò.

Èmi kì í ṣe ẹni tó tètè máa ń yin èèyàn. Ará Èkìtì ni mí, ìyàwó mi a sì máa sọ pé ẹnu mi le ju òkúta ìlú wa lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jẹ́ atọ́kùn ètò yẹn, mo gbà fún un, mo sì gbà fún un títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fojú rí i rí. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn adùn-bí-oyin tí wọ́n fi ń polówó ọṣẹ. Ó há díẹ̀, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bó ṣe máa ń fetí sílẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà Ipaja tó bàjẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Èkó tí wọn ò mọ oríkì ara wọn. Bí àlejò rẹ̀ bá ti ń sọ pé "wọ́n ní, wọ́n ní," á rọra dá a dúró, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fojú ara yín rí?" Ìbá jẹ́ ọ̀gá nínú ìjọba, ìbá jẹ́ bàbá àgbẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa bi wọ́n. Mo ti gbọ́ tí ọ̀gá ńlá kan kálòlò nítorí ìbéèrè yẹn, inú mi sì dùn títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Lọ́jọ́ kan, ó gba ìyá àgbà kan lálejò, ọmọ bíbí Ìkọ̀tún. Ìyá náà ń ka àwọn oko tó wà níbẹ̀ kí ilé tó bò wọ́n: oko ta ni èyí, ìsun omi wo ni tọ̀hún, ibo ni wọ́n ti ń wa amọ̀. Bó ṣe ń kà á lọ ló dákẹ́ lójijì. Atọ́kùn mìíràn ì bá ti sáré fi orin dí àlàfo yẹn. Òun dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. À ń gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń mí. Nígbà tó yá, ìyá náà ní, "Abẹ́ igi kan níbẹ̀ ni ọkọ mi ti kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ báyìí."

Àwa náà ní ohun tí a fẹ́ kí ayé gbọ́. Odò kékeré kan wà láàárín àdúgbò wa àti ojú títì Ìkọ̀tún, pákó méjì tí ẹgbẹ́ onílé tẹ́ lé e lórí la sì fi ń kọjá. Òdìkejì odò náà ni ilé ìgbẹ̀bí tí ìyàwó mi ń lọ wà. Ní ọdún tó ṣáájú, ìrọbí mú un lọ́jọ́ tí odò bo pákó mọ́lẹ̀. A gba ọ̀nà jíjìn, a yípo gba Ẹ̀gbẹ́dá nínú ẹrẹ̀. A pẹ́ jù kí a tó débẹ̀. Ọmọ náà ò yè. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọjọ́ yẹn.

Ó tún ti lóyún báyìí, oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ. Ọ̀kan nínú àwọn pákó náà ti já, èkejì ń mì, òjò sì ti ń ṣú lójoojúmọ́. A ti lọ sí kánsù títí bàtà wa fi jẹ, èsì tí wọ́n ń fún wa ò sì ju pé àwọn ti gbọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́ láyé nígbà yẹn: kí afárá gidi wà lórí odò yẹn kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìyàwó mi tó pé. Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó pàtẹ́wọ́ ní ìpàdé àdúgbò nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé ilé iṣẹ́ rédíò ti gbà kí a wá sọ̀rọ̀ afárá náà nínú ètò Ọjọ́bọ̀.

Alága ẹgbẹ́ onílé ló máa sọ̀rọ̀. Àlàájì kan ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, èèyàn dáadáa sì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a pàdé lọ́nà, ẹ ti pẹ́ níbi tí ẹ ń lọ nìyẹn. Á kí yín, á kí ìyàwó, á kí ọmọ, á kí àna yín tó wà lábúlé, á kí yín kú ọjà tí ẹ ò tíì tà. Ibi tí wọ́n ti ń kí èèyàn dáadáa ni Ògbómọ̀ṣọ́, a gbà, ṣùgbọ́n ti Àlàájì tún lé. Ẹ̀rù bà mí. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo lọ bá a nílé.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, àkókò orí rédíò kì í pọ̀ o. Afárá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mẹ́nu bà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Tí mo bá wọ ilé onílé, ohun tó gbé mi wá ni mo máa kọ́kọ́ jù sílẹ̀, àbí? Bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé?"

"Àlàájì, rédíò kì í ṣe ilé ẹnì kankan."

"Ilé gbogbo ayé ni jàre. Torí ẹ̀ náà ló ṣe yẹ ká kí wọn."

Lọ́jọ́ kejì, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo jókòó ti rédíò. Ìyàwó mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú síwájú. Atọ́kùn náà ní àwọn àlejò òun wá láti Alimosho, agbègbè tiwa, pé wọ́n ní ẹ̀dùn ọkàn kan, àti pé alága wọn ló máa sọ ọ́.

"Asalaamu alaekum o," ni Àlàájì wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ káàárọ̀ o. Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ohùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ bọ́tìnì nínú yàrá onídíńgí lọ́hùn-ún, mò ń rí yín, ẹ kú ìjókòó."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó kí gómìnà. Ó kí àwọn ọba. Ó kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ àti àwọn tí wọ́n ti lé níbi iṣẹ́. Ó kí aláìsàn lórí ibùsùn. Ó kí àwọn tíṣà tó ń gbé ní Gowon Estate, ó ní ẹ kú ọmọ ọlọ́mọ. Ó kí àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó ní ẹ kú ojú, iná ò ní jó yín o. Ó kí àwọn tó ń la pákó ní Ayọ̀bọ̀, ó ní ẹ kú eruku, ẹ kú ariwo ẹ̀rọ, ayùn ò ní gé yín níka. Mo dìde. Mo jókòó. Mo gbá ara mi nítan.

"Afárá!" ni mo ń pariwo sí rédíò. "Bàbá yìí, afárá!"

"Ẹ rọra o," ni ìyàwó mi wí, ó ń fọwọ́ di ikùn mú nítorí ẹ̀rín. "Ẹ má fọ́ rédíò fún wa ṣá."

Atọ́kùn náà fi pẹ̀lẹ́tù dá sí i. "Àlàájì, a dúpẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tó gbé yín wá ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀, ìyá wa. Ó ku àwọn alájàpá."

Kò tíì kí àwọn alájàpá tán tí orin tó máa ń ṣáájú ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀. Afárá ò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ibẹ̀ ni obìnrin yẹn ti fi hàn mí pé iṣẹ́ rẹ̀ yé e. Ó rọrùn fún un láti fi Àlàájì ṣẹ̀sín, kí gbogbo Èkó rẹ́rìn-ín, kó sì dágbére. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orin ti ń lù lábẹ́ ohùn rẹ̀, kò sáré, kò sì pariwo. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀yin tí Àlàájì kí lónìí, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì ráyè dá wọn lóhùn. Afárá pákó tó wà lórí odò láàárín Ìgándò àti Ìkọ̀tún ló já mọ́ wọn lọ́wọ́, òjò sì ti dé. Ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹ lọ jẹ́ ìkíni wọn níbẹ̀." Bí ìròyìn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lónìí, bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, orí mi a máa wú. Lọ́jọ́ náà ṣá, inú ló ń bí mi. Nígbà tí Àlàájì dé, pẹ̀lú agbádá tuntun lọ́rùn, àwọn èèyàn hó yè. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi dáadáa?"

"A gbọ́ ìkíni, Àlàájì. A ò gbọ́ afárá."

"Ẹni téèyàn ò kí," ló dáhùn, "ẹnu wo lèèyàn fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?" Ó gba iwájú mi kọjá, ó lọ kí àwọn yòókù. Mo wo ìyàwó mi, mo wo ojú ọ̀run, mi ò sì lè jẹun ọ̀sán.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù kan wọ àdúgbò wa, pákó líle kún ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá kan sọ̀ kalẹ̀, ìyẹ̀fun igi wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní Ayọ̀bọ̀ ni àwọn ti wá, ó sì béèrè ibi tí Àlàájì tó kí àwọn lórí rédíò ń gbé. Nígbà tí Àlàájì jáde, bàbá náà ṣí fìlà.

"Àlàájì, a gbọ́ yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń la pákó. Àwọn èèyàn ń bá wa nájà, wọ́n ń bá wa jà. Ẹnì kankan ò kí mi kú eruku rí, ká má tíì wá sọ lórí rédíò. Ìyá tó ń ṣe ètò yẹn ní ká wá jẹ́ yín. A ti dé."

Àlàájì la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Kí n má purọ́, mo gbádùn ìyẹn díẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn wẹ́dà méjì ti gbé irin dé láti Ẹ̀gbẹ́dá. Àwọn tíṣà Gowon Estate gbé búrẹ́dì wá, wọ́n sì dúró bá wa ru igi. Kánsù nìkan ni a ò rí. Ìyàwó mi ló rán wa létí pé nínú gbogbo ìkíni ọjọ́ yẹn, kánsù nìkan ni Àlàájì gbàgbé. A rẹ́rìn-ín títí òòlù fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan sínú odò.

Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí, ìyàwó mi gbé omi mímu wá fún wọn. Bàbá onípákó wo ikùn rẹ̀, ó sì wo odò.

"Ìgbà wo ni, ìyàwó?"

"Ó kù díẹ̀, bàbá."

Bàbá náà ní kí wọ́n kó àwọn pákó tó ṣẹ́kù wá, ó sì fi wọ́n ṣe ibi ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ afárá náà lọ́tùn-ún àti lósì. A ò bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ gbé ara tì í, ó mì í tagbáratagbára, ó tún kan ìṣó sí i.

Òjò ńlá ń rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìrọbí mú ìyàwó mi. Àlàájì gbọ́, ó sáré jáde pẹ̀lú agboòrùn, ó ń la ọ̀nà níwájú wa. A pàdé àwọn ará àdúgbò méjì lójú ọ̀nà. Àlàájì ò kí wọn. Odò ti kún, omi pupa ń sáré lábẹ́ pákó pẹ̀lú ariwo. Láàárín afárá, ìrora mú ìyàwó mi, ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi ìdìmú yẹn. Mo dúró tì í, ẹ̀rù ń bà mí débi pé mi ò lè gbàdúrà. Pákó náà ò mì. Nígbà tí ìrora náà lọ sílẹ̀, ó ní, "Ó yá, ká máa lọ," a sì kọjá.

Nọ́ọ̀sì mú un wọlé, ó ní kí n dúró síta. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, aṣọ mi ń kán. Ọmọ tí a sin lọ́dún tó ṣáájú, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Mo ń tẹ́tí sí ilẹ̀kùn yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan ju òjò lọ. Lẹ́yìn náà, ọmọ kan bú sẹ́kún nínú ilé lọ́hùn-ún, igbe líle, bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan rẹ̀ dù ú. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, a máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún láìpẹ́." Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kó máa ké.