Aṣáà Inú Kakulétọ̀ Màámi

Àbúrò mi ọkùnrin ní pàǹtí ni kakulétọ̀ Màámi. Ó fẹ́ kun ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́dà, níbi tí Màámi ti ta bọ́tìnnì àti òwú títí wọ́n fi kú, ó sì fẹ́ ju kakulétọ̀ wọn àtijọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Mo ní kò tó bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí mi, nǹkan tó ti kú láti ayé ológun, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ìwọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ta ló dà ọ́ nù?"

A wá fẹnu kò: màá tú u. Bó bá jí, ó dúró. Bí kò bá jí, kó gbé e lọ.

Ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó yá mi ní sukudíráfà, ó ní kí n máa ya fọ́tò bí mo bá ṣe ń tú u, kí n lè mọ ibi tí nǹkan ń padà sí. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo mọ fọ́tò yà. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo yà á. Ibi tí bátìrì ti dípẹtà, mo yà á. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà 7 ti já bọ́ tipẹ́; bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni Màámi fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rín pa mí.

Bí mo ṣe gbé abẹ́ àwọn nọ́ńbà sókè báyìí, mo sín. Mo tún sín. Aṣáà ló kún gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀! Mo yà á.

Màámi tí wọ́n fi Kùráànì búra fún gbogbo ilé pé àwọn ti fi aṣáà sílẹ̀! Ọwọ́ kan ń ṣírò, ọwọ́ kejì ń fín in.

"Àǹtí mi, ẹ pa fọ́tò yẹn rẹ́."

"N ò pa á." Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí.

Mo tò ó padà bí fọ́tò ṣe wí, mo fi bátìrì tuntun sí i. Kò jí. Àbúrò mi yọ̀, ó jà á gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó sín. Ó tún gbé e sí imú, ó rọra fà á.

"Gbé e lọ. Ṣebí àdéhùn wa nìyẹn?"

Ó gbé e sórí tábìlì.

Mo ní, "Rọra o, má fín in tán."

A ti kun ṣọ́ọ̀bù. Kakulétọ̀ wà nínú àpótí onígíláàsì, láàárín àwọn bọ́tìnnì. Oníbàárà tó bá bèèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́, màá bi í pé ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.