Àpáta Ẹ̀gẹ́ Tí Wọ́n Pín fún Mi

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń wí i, má tún un ṣe.

Nígbà tí ọkọ mi kú, àbúrò rẹ̀ ló pín ilẹ̀. Ó mú ìsàlẹ̀ fún ara rẹ̀, níbi tó tẹ́jú, lẹ́bàá títì tó lọ sí Ọ̀sí. Èmi, ó fún mi ní àpáta tí àwa obìnrin ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Lójú gbogbo ẹbí ló ní, "Ìyàwó, ibi sísá ẹ̀gẹ́ ni tìrẹ. Máa sá a lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Mo mọ ìsàlẹ̀ yẹn jù ú lọ. Ìlọrin ló ti dàgbà. Èmi ni mo ń pọn omi níbẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ á mù mí dé orúnkún. Àbúrò ọkọ mi da ilẹ̀ pupa dí i, ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e. Mo ń wò ó láti òkè, mo panu mọ́. Àwọn ọmọ mi kọ́ yàrá méjì fún mi lórí àpáta.

Àfi bí àwọn tó ń fọ́ òkúta tà ṣe dé ẹ̀yìn òkè. Bí wọ́n bá yin dánámáìtì lọ́sàn-án, tèmi á dún gbì lábẹ́ ẹsẹ̀, ó tán. Omi abọ́ mi kì í dànù. Tirẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ògiri là. Mo lọ bá a kẹ́dùn, kí n lè rí i dáadáa. Ọwọ́ mi wọ inú ibi tó là tán, mo sì pẹ́ kí n tó yọ ọ́.

Ọmọ-ọmọ mi tó ń kọ èyí ní tíṣà àwọn sọ pé bí ilẹ̀ bá mì tìtì lókè òkun náà, ilẹ̀ rírọ̀ ló máa ń fì jù, àpáta kì í fì tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí tíṣà.

Lọ́dún tó kọjá, àjà ilé rẹ̀ ń já, àbúrò ọkọ mi gun òkè wá, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní igun kan kí n fi kọ́ yàrá." Kò pè mí ní ìyá rí.

Mo ní, "Ọkọ mi, ibi sísá ẹ̀gẹ́ nìyí."

Mo da ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, mo ń tẹ́ ẹ lọ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fà sẹ́yìn, títí ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Pásítọ̀ ti bá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí n fún un ní igun náà. Mo gbọ́. Ẹ̀gẹ́ ọjọ́ náà gbẹ, ó sì funfun.