Kòkó Tí Adébùsóyè Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Gé

Bí wọ́n bá ń ka ọ̀lẹ ní Bọ́lọ́rundúró, orí Akíntóyè ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń ka akíkanjú, Adébùsóyè ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ wá wo ohun tí ayé fi àwọn méjèèjì ṣe.

Ọmọ Oǹdó ni Adébùsóyè. Ìgboro ló kọ́lé sí, ṣùgbọ́n Bọ́lọ́rundúró ni oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà. Ọkùnrin yìí kórìíra igbó. Bí koríko bá yọjú nídìí kòkó rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀ títí tó fi máa ro ó. Nígbà tí nǹkan wá le, tí owó kòkó kò ra oògùn tí wọ́n ń fín sí i mọ́, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sá nídìí rẹ̀. Akíntóyè, tí oko rẹ̀ bá ti Adébùsóyè pààlà, kó ẹrù, ó gba Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lọ, ó lọ ń bá àwọn onígẹdú ṣiṣẹ́. Igbó bo oko rẹ̀ pátápátá.

Adébùsóyè ò lè gba irú ìyẹn mọ́ra. Ó ní òun á gé kòkó, òun á fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò rẹ̀. Agnes, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí.

"Bàbá Leah, ẹ jẹ́ kígbó bò ó. Kòkó tígbó bò ò tíì kú."

"Kí n máa wo igbó lórí ilẹ̀ bàbá mi? Ọ̀lẹ ni mí ni?"

Ó pọ́n àáké, ó sì gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀.

Háà, ta ló mọ ẹ̀yìn ọ̀la! Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba tú Kòkó Bọ́ọ̀dù tó máa ń dá iye lé kòkó ká, tí owó kòkó fò sókè. Akíntóyè gbọ́ ọ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ló bá sáré padà wálé. Ó ro igbó, ó bá kòkó rẹ̀ láàyè lábẹ́ rẹ̀, kòkó náà sì so jìngbìnnì lọ́dún yẹn. Ọ̀lẹ ra alùpùpù o! Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ ti kún ọjà débi pé ẹnikẹ́ni ò bèèrè iye tí Adébùsóyè ń ta tiẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ àyànmọ́ wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Tó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, á ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Tó bá dé ìdí ayò, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn èèyàn sì ń bá a gbè é, nítorí ta ló máa wo ojú akíkanjú, kó ní ìwọ lo fà á? "A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kíyán ewùrà má lẹ́mọ," ni wọ́n fi ń tù ú nínú. Agnes nìkan ni kì í dá sí i. Á kàn máa bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ ni. Ó ti rẹ obìnrin náà.

Leah, ọmọ wọn, ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Àkúrẹ́ nígbà yẹn. Àkókò owó ilé-ìwé dé, wọ́n wá owó náà títí, wọn ò rí i. Ó wá ku ẹni tó máa lọ sọ fọ́mọ pé kó máa bọ̀ nílé. Agnes ní òun ò lọ síbì kankan.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àyànmọ́, ẹ lọ ṣàlàyé ẹ̀ fún un."

Bẹ́ẹ̀ ni Adébùsóyè wọ mọ́tò. Láti Oǹdó títí dé Àkúrẹ́, kòkó ni wọ́n sá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ó di ojú, ṣùgbọ́n òórùn kòkó ò jẹ́ kó gbàgbé. Ó rìn dé yàrá tí Leah háyà lẹ́yìn Ọjà Ọba, ó sì kan ilẹ̀kùn.

Leah kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi fún un. Bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì mu ún tó fi sọ ohun tó bá wá.

"Kò burú, Bàámi. Ẹ má ronú. Bóyá àyànmọ́ tèmi ni kí n má kàwé. Ohun tí ò bá sí nínú orí ẹni, kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é."

Ọ̀rọ̀ tó ti ń tu bàbá yìí nínú látọjọ́ yìí wá dùn ún wọ eegun. Kí ni orí ọmọ yìí ṣe?

"Má wí bẹ́ẹ̀ mọ́!" Bàbá rẹ̀ gbé omi náà sílẹ̀. "Kò sóhun tó ṣe orí ẹ. Èmi ni mo gé kòkó, Leah. Màmá ẹ bẹ̀ mí, n ò gbọ́. Ọwọ́ mi yìí náà ni."

Ẹnu ò ya Leah, kò sì sunkún.

"Mo mọ̀, Bàámi. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àyànmọ́ yẹn lẹ wá gbọ́ lẹ́nu mi ni."

Ó dìde, ó fa àpótí rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú rẹ̀.